Ìrora ẹ̀yìn gìgísẹ̀ tí ìsinmi kò wò sàn: kí ni kí n ṣe?

AsáréÌdájí

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Obìnrin ni mí, mo ti pé ọmọ ọdún 43, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń sáré fún ìdárayá. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo forúkọ sílẹ̀ fún eré kìlómítà 21, ni mo bá gbé eré tí mo ń sá lọ́sẹ̀ láti kìlómítà 25 dé 45 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré. Àárín ìgbà yẹn náà ni mo pààrọ̀ bàtà sí èyí tí gìgísẹ̀ rẹ̀ tẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí pé ó fúyẹ́. Kò pẹ́ sí i tí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ọ̀tún fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí.

Bí mo bá jí, ògiri ni mo máa ń dì mú fi gbé ìṣísẹ̀ bíi mẹ́wàá àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ ni mo sì fi ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí akàn. Tí ó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹsẹ̀ á tú, n óò sì gbàgbé pé nǹkan ń ṣe mí. Tí mo bá ń sáré, á dùn mí ní kìlómítà kìíní, á dákẹ́, àmọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni yóò gbẹ̀san. Mo sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ìrora náà sì lọ pátápátá. Ọjọ́ tí mo padà sójú ọ̀nà, kìlómítà 8 ni mo sá, ó sì padà dé bí ẹni pé kò lọ rárá. Ẹnì kan ní kí n máa dúró sí etí àtẹ̀gùn, kí n sọ gìgísẹ̀ sílẹ̀ láti fi na iṣan náà. Mo ń ṣe é nígbà mẹ́ta lóòjọ́, ṣùgbọ́n ó jọ pé ńṣe ni ó ń burú sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ti ṣe rí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Olùkọ́Pápá

Ẹ pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ọdún 27 ni mo fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní eré sísá kí n tó fẹ̀yìn tì. Lójú tèmi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tó. Iṣan tí ó bá ti wú, ìsinmi ni oògùn rẹ̀. Ẹ fi oṣù méjì jókòó, kí ẹ máa fi yìnyín lé e láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ má sì tíì ronú nípa eré rárá. Ẹni tí ń fi igi tọ́ egbò kò gbọdọ̀ máa bi egbò pé kí ló dé tí kò jiná.

Ẹsẹ̀Yá

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣìnà ní tèmi. Oṣù mẹ́rin ni mo fi sinmi, ó sì padà lọ́sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ eré. Ohun tí ó wò mí sàn ni ètò tí dókítà ará Sweden kan, Håkan Alfredson, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1998. Àwọn asáré 15 tí wọ́n ti ń dúró de iṣẹ́ abẹ ni wọ́n kọ́ láti máa dúró sí etí àtẹ̀gùn, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tí ó dára gbé ara sókè, kí wọ́n sì fi ẹsẹ̀ tí ó ń dùn nìkan rọra sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ kọjá etí àtẹ̀gùn náà. Ìgbà 15 lọ́nà mẹ́ta ni, pẹ̀lú orúnkún títọ́; ìgbà 15 lọ́nà mẹ́ta mìíràn, pẹ̀lú orúnkún tí a tẹ̀ díẹ̀; lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ 12. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180 lójúmọ́. Gbogbo àwọn 15 ni wọ́n padà sórí eré.

Ìtàn tí ọkùnrin náà máa ń sọ ni pé iṣan gìgísẹ̀ tòun náà ni ó ń ro òun, tí ọ̀gá òun kò sì gbà láti fi abẹ sí i, ni òun bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdárayá fìyà jẹ ẹ́ kí ó lè bàjẹ́ tó ohun tí wọn yóò fi gbé òun wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Dípò kí ó bàjẹ́, ó yá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lónìí, kí ẹ má sì sá fún ìrora rẹ̀.

Atọ́júOríkèé

Iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi ìdárayá tọ́jú ara, ni mo ń ṣe. N kò lè yẹ ẹsẹ̀ tí n kò rí wò, nítorí náà àlàyé ni kí ẹ ka ọ̀rọ̀ mi sí, ẹ má ka á sí àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n kí a tó máa jiyàn lórí ìsinmi àti ìdárayá, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun mẹ́ta ni a ń pè ní iṣan ní èdè wa: èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, ẹran ara tí ó ń sún kì tí ó sì ń nà, àti okùn líle tí ó so ẹran náà mọ́ egungun. Ẹ̀kẹta ni ó ń dun AsáréÌdájí, ohun tí ó sì ń wo ẹran sàn kọ́ ni ó ń wo okùn sàn.

Ẹran méjì ni ó wà lẹ́yìn ojúgun. Èyí tí ó yọ síta, tí a ń rí bí a bá dìde lórí ìka ẹsẹ̀, òkè orúnkún ni ó ti bẹ̀rẹ̀, lára egungun itan. Èyí tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ lábẹ́ rẹ̀, ìsàlẹ̀ orúnkún ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Ẹsẹ̀Yá fi ní kí a ṣe é pẹ̀lú orúnkún títọ́ àti orúnkún títẹ̀, torí bí orúnkún bá tẹ̀, ẹran òkè a dẹ̀, iṣẹ́ a sì pọ̀ sọ́rùn ẹran abẹ́. Àwọn méjèèjì para pọ̀ di okùn kan ṣoṣo, tí ó gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, tí ó sì nípọn ju gbogbo okùn bẹ́ẹ̀ yòókù nínú ara lọ, kí ó tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn egungun gìgísẹ̀. Bíi rọ́bà kànnàkànnà ni ó ń ṣe bí a bá ń sáré: ó ń nà nígbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ ilẹ̀, ó ń fi agbára pamọ́, ó sì ń ta á padà nígbà tí ẹsẹ̀ bá fẹ́ kúrò nílẹ̀. Ẹrù tí ń bọ́ sórí rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo lè ju ìlọ́po mẹ́fà ìwúwo ara lọ.

Ẹ̀gbọ́n Olùkọ́Pápá, mo bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí yín lẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí a ti yàtọ̀. Bí ìrora yìí bá ti pẹ́ tó oṣù mélòó kan, wíwú lásán kọ́ ni. Àwọn fọ́nrán kéékèèké tí ó yẹ kí wọ́n tò gbọọrọ nínú okùn náà ni wọ́n ti dàrú. Ìsinmi mú ìrora lọ nítorí pé ó gbé ẹrù kúrò, kò sì fi agbára kankan kún okùn náà. Kódà èyí tí ó ní tẹ́lẹ̀ ti dín kù nígbà tí yóò fi pàdé kìlómítà 8 lójijì. Yìnyín lè mú kí ibẹ̀ kú fún ìgbà díẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí ó máa ń yà mí lẹ́nu nípa okùn yìí. Àdó olóró átọ́míìkì tí àwọn orílẹ̀-èdè dán wò láàárín 1955 sí 1963 sọ kábọ́ọ̀nù 14, irú kábọ́ọ̀nù kan tí ń tú ìtànṣán jáde, di púpọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ó sì wọ ara gbogbo ẹni tí ó ń dàgbà nígbà náà. Iye rẹ̀ tí ó wà nínú ẹ̀yà ara kan lè fi ìgbà tí ẹ̀yà náà dàgbà hàn; àwọn onímọ̀ ní Denmark fi èyí wọn ọjọ́ orí àárín okùn gìgísẹ̀, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2013: títí di nǹkan bí ọmọ ọdún 17 ni àárín okùn náà ń dàgbà, lẹ́yìn ìyẹn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ara rẹ̀ dọ̀tun mọ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ wa kì í lépa pé kí ibi tí ó bàjẹ́ padà dà bíi tuntun. Apá tí ó ṣì dára, tí ó yí i ká, ni à ń kọ́ láti gbé ẹrù.

Ìbéèrè mi wá nìyí, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù: níbo gan-an ni ó ń dùn? Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ di okùn náà mú, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ṣé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 6 sókè egungun ni, àbí orí egungun gan-an, níbi tí ẹ̀yìn bàtà ti ń kàn án? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀ ètò Ẹsẹ̀Yá títí ẹ óò fi dá mi lóhùn.

OkùnJá

Orúkọ mi lórí pápá yìí ti sọ ìtàn mi. Ọmọ ọdún 38 ni mí nígbà náà, mò ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nírọ̀lẹ́, mo yí padà láti lé bọ́ọ̀lù kan, mo gbọ́ "pàù!" lẹ́yìn ẹsẹ̀ mi. Mo bojú wẹ̀yìn láti bá ẹni tí ó ta mí nípàá jà. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ yẹ̀ mí wò ní ọrùn ẹsẹ̀ ni ó rọ́, nítorí pé mo ṣì lè tẹ ẹsẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń tiro kiri kí ẹlòmíràn tó ní kí n dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹsẹ̀ méjèèjì yọ kọjá etí rẹ̀. Ó fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun ẹsẹ̀ tí ó dára, àtẹ́lẹsẹ̀ náà tẹ̀ sísàlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó fún ti èkejì, kò mira. Òkú ẹsẹ̀ ni.

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé mo ti ní irú ìrora òwúrọ̀ tí ẹ sọ yìí tẹ́lẹ̀, mo sì lo oògùn apakòkòrò ciprofloxacin ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú nítorí àìsàn mìíràn. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè dá okùn iṣan lágara. Láti 2008 ni FDA, àjọ tí ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ náà gàdàgbà sára ìwé rẹ̀, pàápàá fún ẹni tí ó bá ti kọjá 60 tàbí tí ó ń lo sítẹ́rọ́ọ̀dù (oògùn tí ń mú wíwú rọlẹ̀) pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ má dá oògùn tí dókítà fún yín dúró nítorí ọ̀rọ̀ mi o, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé gìgísẹ̀ ń dùn yín. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gún yín ní abẹ́rẹ́ sítẹ́rọ́ọ̀dù sínú okùn náà kí ìrora lè tètè lọ, ẹ bi í léèrè dáadáa, nítorí ìyẹn náà lè mú kí ó já.

Nọ́ọ̀sìÀgbà

Ọ̀rọ̀ kékeré kan. Bí ìrora bá wà nínú ẹran ẹ̀yìn ojúgun, tí ẹsẹ̀ kan wú tí ó sì gbóná, pàápàá lẹ́yìn ìrìn àjò jíjìn tàbí iṣẹ́ abẹ, ẹ má lọ sórí àtẹ̀gùn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni ó dì sínú iṣan, kò sì sí ìdárayá tí ó lè tú u.

AsáréÌdájí

Ẹ ṣé púpọ̀. Ẹsẹ̀ kò wú, kò gbóná, n kò sì lo oògùn kankan láti ọdún tí ó kọjá. Mo dojú bolẹ̀, ọmọ mi sì bá mi fún ẹran náà: ẹsẹ̀ méjèèjì ń tẹ̀ dáadáa, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo wá tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe wí. Lókè, kò dùn mí rárá. Bí mo ti dé orí egungun ni mo fò sókè. Níbẹ̀, ó le bíi kóró, ó sì yọ díẹ̀ ju ti ẹsẹ̀ òsì lọ, ẹ̀yìn bàtà tuntun yẹn gan-an ni ó sì máa ń há a.

Atọ́júOríkèé

Ohun tí mo fura sí nìyẹn. Ìdíkọ̀ okùn náà ni ó ń dùn, níbi tí ó ti wọ egungun. Àárín rẹ̀ kọ́. Bí gìgísẹ̀ bá lọ sílẹ̀ kọjá etí àtẹ̀gùn, okùn náà a fara gún igun òkè egungun gìgísẹ̀, a sì fún un mọ́ ọn pa pọ̀ pẹ̀lú àpò omi kékeré tí ó wà láàárín wọn. Fífún yẹn ni ìdíkọ̀ kò fẹ́. Nítorí náà, nínà tí ẹ ń ṣe nígbà mẹ́ta lóòjọ́ ni ó ń dá a padà sẹ́yìn, bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ tẹ́ náà sì ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn olùwádìí ará Sweden kan náà rí i pé ètò orí àtẹ̀gùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ran àwọn tí ìdíkọ̀ ń dùn lọ́wọ́, wọ́n sì yí i padà ní 2008 kí gìgísẹ̀ má baà kọjá ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Èyí sì sàn fún ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tí ó bá wà ní ipò yín: ẹ dáwọ́ nínà dúró pátápátá. Ẹ fi nǹkan pẹlẹbẹ tí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà kan sábẹ́ gìgísẹ̀ nínú bàtà méjèèjì, ẹ má sì rìn láìwọ bàtà nínú ilé fún ìgbà díẹ̀. Ẹ dúró lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbé gìgísẹ̀ sókè fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí ẹ sì fi mẹ́ta sọ ọ́ kalẹ̀, ìgbà 15 lọ́nà mẹ́ta, ní ọjọ́ kan kí ẹ sì fo ọjọ́ kejì. Nígbà tí ìyẹn bá ti rọrùn, ẹ bọ́ sórí ẹsẹ̀ kan. Ìṣòro tí mo máa ń bá pàdé ni pé àwọn ènìyàn a máa gbé e sókè ní wàràwàrà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ yọjú wo òkè ògiri. Bí ó bá ti yá jù, kànnàkànnà ni ẹ ń ta, ẹ kò gbé ẹrù.

Ẹsẹ̀Yá

Mo tọrọ àforíjì. Tèmi wà ní àárín okùn, n kò sì mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mo ti ẹlòmíràn sínú ọ̀fìn. Síbẹ̀ n kò fara mọ́ fífo ọjọ́. Ojoojúmọ́ ni mo fi ṣe tèmi, ó sì ṣiṣẹ́.

Agbéwúwo

Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n 180 lójúmọ́ ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jáwọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ní 2015, àwọn ará Denmark fi ètò yẹn wé ti ẹrù wíwúwo tí à ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta péré lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12 kan náà. Àwọn tí ìrora wọn wà ní àárín okùn ni wọ́n lò. Èsì méjèèjì dọ́gba, àwọn tí wọ́n gbé ẹrù ni inú wọn sì dùn jù nígbà tí ọ̀sẹ̀ 12 pé, bóyá nítorí pé àkókò tí ó gbà wọ́n kéré. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n tí ènìyàn lè gbé nígbà 15, wọ́n sì ń fi kún un títí ó fi di èyí tí kò ṣeé gbé ju ìgbà 6 lọ.

Ẹ kò nílò ilé ìdárayá. Báàgì ẹ̀yìn ni mo lò, mò ń fi ìgò omi kún un: lítà kan, kìlógíráàmù kan, ìṣirò rẹ̀ kò le. Fún ẹran abẹ́, ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ gbé báàgì náà lé orúnkún ẹsẹ̀ tí ó ń dùn, kí ẹ sì máa gbé gìgísẹ̀ sókè. Ní àárọ̀ tí ó bá le, mo máa ń dìde sórí ìka ẹsẹ̀, n óò sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 45, nígbà márùn-ún. Ó máa ń mú ìrora rọlẹ̀.

Atọ́júOríkèé

Ìdúró yẹn a máa ran àwọn kan lọ́wọ́, a sì máa bí àwọn mìíràn nínú. Ẹ dán an wò, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ dáhùn. Ní ti fífo ọjọ́, lẹ́yìn ẹrù wíwúwo, okùn máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àbọ̀ kí títún-ara-ṣe rẹ̀ tó borí ohun tí ó bàjẹ́. Ètò Ẹsẹ̀Yá kò ní ẹrù àfikún púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ojoojúmọ́ fi ṣeé fara dà.

Olùkọ́Pápá

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dára, mo gbà pé jíjókòó lásán kò tó, bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ kan lábẹ́ mi fi ń padà wá pẹ̀lú ìrora kan náà lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n gbogbo yín ti fo ohun tí ó wà ní ìlà kẹta ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: láti kìlómítà 25 sí 45 láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú bàtà tuntun lórí rẹ̀! Báàgì omi kò lè gba ẹni tí ó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ là. Mo sì ní ìbéèrè kan fún Atọ́júOríkèé: nígbà tí ẹ kò ní kí ó sinmi, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé òun ti kọjá àyè?

Atọ́júOríkèé

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n, ojú mi fò ó. Òdiwọ̀n tí a ń lò nìyí: ẹ fún ìrora ní nọ́ńbà láti 0 dé 10. Bí kò bá kọjá 5 nígbà ìdárayá, tí ó sì ti padà sí bí ó ti máa ń wà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ń bá a lọ. Bí líle òwúrọ̀ bá pọ̀ ju ti àná lọ, ẹ dín ẹrù kù, ẹ má dá a dúró. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Sweden, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2007, wọ́n jẹ́ kí apá kan àwọn aláìsàn máa sáré kí wọ́n sì máa fò lábẹ́ òdiwọ̀n yìí, wọ́n sì dá apá kejì dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí ọdún yí po, ara àwọn tí ń sáré kò burú ju ti èkejì lọ. Àmọ́ ẹni tí ìdíkọ̀ ń dùn, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ lè dìde lórí ẹsẹ̀ kan nígbà 15 láìsí ariwo kí ó tó sáré, kí ó sì yẹra fún sísáré gun òkè, nítorí pé òkè ń ti gìgísẹ̀ wálẹ̀ gan-an bí etí àtẹ̀gùn.

AsáréÌdájí

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá nìyí, mo ní kí n wá jábọ̀. N kò sá eré kìlómítà 21 yẹn. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n n kò sunkún. Bàtà pẹlẹbẹ náà ti di ti ọgbà. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kò mú ìyàtọ̀ kankan wá, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jáwọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, nọ́ńbà òwúrọ̀ bọ́ láti 6 sí 4, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀, ó tó di ọ̀sẹ̀ keje kí ó tó tún sún. Nísinsìnyí, 1 ni, nígbà mìíràn 2. Báàgì mi ti gbé ìgò mẹ́wàá. Lórí ẹsẹ̀ òsì, mo ń gbé gìgísẹ̀ nígbà 22 kí ó tó rẹ̀ mí. Lórí ọ̀tún, 17. Mo ń sá kìlómítà 4 lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Kóró orí egungun yẹn ṣì wà níbẹ̀, kò kéré sí i, ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ̀ ẹ́, n kì í fò mọ́.

Ọmọ mi ni ó sọ fún mi lánàá pé mo ti ń kojú síwájú sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. N kò mọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́Pápá

Ẹ kú iṣẹ́, àbúrò mi. Kìlómítà 12 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Mélòó ni yóò jẹ́ lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀?

AsáréÌdájí

Mẹ́tàlá, Ẹ̀gbọ́n.